Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Ka Àwọn Ọmọ Tí Ọtí Pa Lára Nínú Oyún

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì aláìsàn sí ní ilé ìwòsàn kan ní Èkìtì, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé àìsàn tí kò bá sí nínú ìwé, bí ẹni pé kò sí láyé ni lójú ìjọba. N kò mọ àìsàn tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn tó àrùn tí ọtí tí ìyá mu máa ń dá sí ọmọ lára láti inú oyún.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè kà á, ó ní láti kọ́kọ́ ní orúkọ. Ní ọdún 1968, ní ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé, Paul Lemoine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọ 127 tí òbí wọn jẹ́ ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọbi ara sí ìwé náà kò tó nǹkan. Ní ọdún 1973 ni Kenneth Lyons Jones àti David Smith, ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, kíyè sí ọmọ mẹ́jọ tí wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn, síbẹ̀ tí ojú wọn jọra bí ọmọ ìyá. Ohun tí ó pa àwọn ìyá wọn pọ̀ ni ọtí àmupara. Ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ ọ́ ní fetal alcohol syndrome, èyí tí n ó máa pè ní àrùn ọtí inú oyún. Ibi tí ojú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti là kì í gùn, ìlà tí ó ti ìdí imú sọ̀kalẹ̀ sí ètè òkè máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ètè òkè náà a sì fẹ́lẹ́. Kì í ga, kì í sì wúwo bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ìpalára tí ó bá ọpọlọ rẹ̀ sì wà títí ayé. Lọ́dọ̀ wa, irú ọmọ yìí ni a máa ń sọ pé ó ń rà, tí a óò máa gbé kiri láti ilé oníṣègùn dé ilé àdúrà.

Iṣẹ́ kíkà bọ́ sọ́wọ́ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ìdènà àrùn, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Atlanta. Ní ọdún 1974 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àkọsílẹ̀ tí ilé ìwòsàn ń ṣe nígbà tí ọmọ tuntun bá ń lọ sílé, kí ó lè mọ iye àwọn tí a bí pẹ̀lú àbùkù. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti ọtí inú oyún nígbà náà ni 760.71. Ẹni tí ń kà á kò rí ọmọ kankan sójú, nọ́ńbà ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ọmọ 1 nínú 10,000 ní ọdún 1979, tí ó sì di 6.7 ní ọdún 1993.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ lè sọ pé ọtí ti wá pọ̀ lẹ́nu àwọn aboyún ní ìlọ́po mẹ́fà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981 ni ọ̀gá àgbà ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n jìnnà sí ọtí, láti ọdún 1989 sì ni ìkìlọ̀ ti wà lára ìgò ọtí níbẹ̀, nítorí náà, ojú àwọn dókítà ti là sí ohun tí wọ́n ń gbójú fò tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kíkà náà sì ní àléébù: ojú ọmọ tuntun kì í fi àmì wọ̀nyí hàn kedere bí ojú ọmọ tí ó ti tó ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ìyá ń lọ sílé ni wọ́n ti pa ìwé náà dé. Àwọn mìíràn tún ń kọ nọ́ńbà yẹn fún ọmọ tí wọ́n kàn fura pé ìyá rẹ̀ mutí, nígbà tí dókítà mìíràn kò ní kọ ọ́ rárá, kí ó má bàa dójú ti ìyá.

Àléébù wọ̀nyí ni ó bí FASSNet, ètò tí CDC fi ń wá àrùn yìí ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ní ọdún 1997. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Alaska, Arizona, Colorado àti New York kò gbára lé ìwé kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n ń kó ìwé ìbí jọ mọ́ fáìlì ilé ìwòsàn àti ti àwọn tí ń tọ́jú ọmọ tí kò tètè gbọ́n, àwọn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà a sì máa ka fáìlì ní ìlà dé ìlà, láti wo bí orí ọmọ ti tóbi tó, bí ó ti wúwo tó, àti ohun tí dókítà sọ nípa ojú rẹ̀. Nínú àwọn tí a bí láàárín ọdún 1995 sí 1997, wọ́n rí láti orí 0.3 dé 1.5 nínú ọmọ 1,000, Alaska ni ó sì pọ̀ jù.

Síbẹ̀, fáìlì kò lè sọ ju ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ lọ. Ní apá Western Cape ní South Africa, níbi tí wọ́n ti fi wáìnì san lára owó iṣẹ́ àwọn lébìrà oko fún ìgbà pípẹ́, àwọn olùwádìí wọ ilé ìwé lọ ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n fi ojú ara wọn yẹ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ wò, iye tí wọ́n rí sì ju 40 lọ nínú 1,000.

Ìyàtọ̀ yìí ni mo máa ń rántí bí mo bá ro káàdì aboyún tiwa. Nọ́ọ̀sì a béèrè pé, “Ìyá, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?” Aboyún a ní, “Rárá o, nọ́ọ̀sì.” Kò parọ́, nítorí pé àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, oògùn ni lójú tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì bímọ sí ilé àdúrà, ìwé rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Kódà bí ó bá bí i sọ́dọ̀ wa, nọ́ńbà fáìlì ìyá yàtọ̀ sí ti ọmọ, kò sì sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Nígbà kan, dókítà kan ní kí n bá òun wá káàdì aboyún ìyá ọmọ ọdún méje kan tí ó ń rà. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọtí, “rárá” ni wọ́n kọ. Dókítà wá béèrè pé, “Ìyá, àgbo ńkọ́?” Obìnrin náà dárúkọ rẹ̀, ó dárúkọ ọtí tí wọ́n fi rẹ ẹ́, ó sì ní oṣù mẹ́ta ni òun fi mu ún. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì ọmọ náà, ó kọ nọ́ńbà fáìlì ìyá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì dá méjèèjì padà sọ́wọ́ mi.