Ọmọ odó kì í ṣe ata: bí wọ́n ṣe ń yan fáàfù agbára fún áńpù gìtá

Ọ̀pọ̀ onígìtá ló gbà pé bí ohùn áńpù kò bá le tó mọ́, àwọn fáàfù ńláńlá mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀. Wọ́n á ra èyí tí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ó "gbóná" jù, wọ́n á kì í bọ ihò, wọ́n á tan iná, wọ́n á ta okùn gìtá, ohùn á sì wà bó ṣe wà lánàá. Owó ti lọ. Nínú áńpù olóhùn líle bíi Marshall JCM800 tàbí Peavey 5150, wọ́n ti fi ata sọ́bẹ̀ tán kí ọbẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ńláńlá wọ̀nyẹn.

(Ìgò oníná tó ń sọ ìró di ńlá ni nǹkan yìí. Ará Amẹ́ríkà ń pè é ní túùbù, ará Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní fáàfù. Lọ́dọ̀ tiwa, inú táyà ni túùbù wà, nítorí náà fáàfù la ó máa pè é.)

Fáàfù kéékèèké tó ń jẹ́ 12AX7, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ECC83, ló ń fi ata náà sí i. Fáàfù méjì ló wà nínú ìgò rẹ̀ kan. Mẹ́ta irú ìgò yìí ló wà nínú JCM800 2203 oníwáàtì 100. Márùn-ún ló wà nínú 5150 àkọ́kọ́ tó jáde ní 1992. Ìró gìtá á máa ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, olúkúlùkù á máa sọ ọ́ di ńlá ju ohun tí ẹni tó kàn lè gbà lọ, títí orí ìgbì ìró náà á fi máa gé. Orí tó ń gé yìí gan-an ni ohùn tó há, tó ń kùn, tí onígìtá ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ̀ sí i tàbí kó dín kù, 12AX7 kan ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀ wò, kó tó náwó lórí mẹ́rin EL34, irú kan nínú àwọn fáàfù ńláńlá.

Kí wá ni iṣẹ́ àwọn ńláńlá, ìyẹn fáàfù agbára? Odó ni wọ́n dúró tì.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń gún iyán ìnáwó. Obìnrin méjì dúró ti odó kan, ọmọ odó ọ̀kan ń lọ sókè bí ti èkejì ṣe ń bọ̀ wá sílẹ̀: gbì, gbì, gbì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáàfù agbára ń ṣe. Fáàfù kékeré tó kẹ́yìn á ṣe ìró náà ní méjì, á dojú ọ̀kan dé, á fún apá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Apá kan ń gún ìdajì òkè ìgbì, apá kejì ń gún ìdajì ìsàlẹ̀. Nínú áńpù oníwáàtì 100, obìnrin mẹ́rin ló yí odó ká, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Odó yẹn ni tiransifọ́má tó wà láàárín wọn àti sípíkà.

Bí ọwọ́ ẹnì kan bá wúwo ju ti èkejì lọ, gbogbo ẹni tó ti gúnyán rí mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: odó á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nínú tiransifọ́má, iná apá méjèèjì ń dojú kọ ara wọn, wọ́n sì ń pa ara wọn rẹ́. Bí ọ̀kan bá pọ̀ jù, irin tiransifọ́má á fì sí apá kan, ariwo hùùù tí a kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀ á sì máa jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ta fáàfù ní méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin tí wọ́n ti wọ̀n pé wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n pé wọ́n dọ́gba kò sọ pé wọ́n dára. Ọ̀lẹ mẹ́rin náà lè dọ́gba.

Ohun tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà tí kò bá tíì kàn án ló wá dùn mọ́ni jù. Bí ó bá gbé ọmọ odó jù sílẹ̀ pátápátá lẹ́yìn gbígún kọ̀ọ̀kan, àfo kékeré á wà kí ó tó tún gbé e, ìlù odó á máa tiro. Èyí ni fáàfù tó tutù jù: níbi tí apá kan ti ń gbé iṣẹ́ fún èkejì, ìró á ní ìdáwọ́ dúró kékeré, á máa dún bí ẹni tí iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀, pàápàá bí ohùn bá rẹlẹ̀. Bí ó bá sì gbé ọmọ odó dání sókè látàárọ̀, tó ń làágùn lórí òfo, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí iṣu tó fọ́. Èyí ni fáàfù tó gbóná jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi ọmọ odó ti ẹnu odó, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lára rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ yẹn ti ń sinmi ni wọ́n ń pè ní báyáàsì. Ṣùgbọ́n iyán fẹ́ gbé wa lọ o. Ẹ jẹ́ ká padà sínú ìgò.

Nínú ìgò, irin kan tí wọ́n ń mú gbóná ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, páànù tó yí i ká sì ń fi nǹkan bíi fóòtì 450 fà wọ́n mọ́ra. Asẹ́ kan wà láàárín wọn, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé. Iná òdì ni wọ́n ń fún asẹ́ yìí kó lè máa dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà. Bí òdì bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tó ń kọjá ṣe ń dín kù. Lórí irú páànù bẹ́ẹ̀, EL34 sábà máa ń fẹ́ òdì tó sún mọ́ fóòtì 38. Ti 6L6, irú fáàfù agbára mìíràn, máa ń sún mọ́ 48.

Ibí yìí ni orúkọ burúkú kan ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà: "fixed bias". Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé wọ́n ti kàn án mọ́lẹ̀ nílé iṣẹ́, kò sí ohun tí a tún ń wọ̀n. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Iná òdì tó ń ti ibòmíràn wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, áńpù onírú rẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n wọ̀n tí wọ́n bá ti pààrọ̀ fáàfù. Èyí tí kò nílò wíwọ̀n púpọ̀ ni "cathode bias", tí fáàfù ń fúnra rẹ̀ ṣàkóso ara rẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ nínú áńpù ńlá olóhùn líle. JCM800 ní bọ́tìnnì kékeré nínú tí a lè fi síkúrúdíráfà yí. 5150 kò ní. Òdì kan ni wọ́n fi sí i, ó sì tutù. Áńpù Mesa Dual Rectifier náà kò ní, àfi súìṣì lẹ́yìn láti yan EL34 tàbí 6L6. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń rin ìrìn àjò, tí fáàfù lè kú mọ́ lọ́wọ́ lórí ìtàgé. Àmọ́ ó sọ olówó áńpù di ẹni tó gbọ́dọ̀ máa wá fáàfù tó bá àyè kékeré yẹn mu, nígbà tí bọ́tìnnì kan ì bá ti yanjú rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Páànù EL34 lè gba wáàtì 25, ti 6L6GC, irú 6L6 kan, lè gba 30. Àṣà àwọn atúnṣe ni kí fáàfù máa lo ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ nígbà tí gìtá dákẹ́. Fún EL34, ìyẹn jẹ́ 17.5, pín in sí fóòtì 450, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíáńpì 39. Fún 6L6GC, 21 ni, ó jẹ́ 47. Résísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́wọ́) oní-óòmù 1 lábẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan máa ń mú un rọrùn: mílífóòtì 39 tí mítà bá kà ni mílíáńpì 39. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná inú kàpásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, dànù kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀yìn áńpù rárá. Fóòtì 450 yẹn lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára iná.

Ìtẹ̀lẹ́sẹ̀ kan náà ni EL34 àti 6L6 ní, wọ́n á sì wọ ihò ara wọn láìjà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Bí wọ́n bá fi 6L6 sínú áńpù tí wọ́n wọ̀n fún EL34, òdì kò ní tó o, páànù á pọ́n. Ní òdìkejì, bí wọ́n bá fi EL34 sínú áńpù 6L6, iná tó ń mú EL34 kan gbóná jẹ́ áńpíà 1.5, ti 6L6GC jẹ́ 0.9, mẹ́rin yóò fi 2.4 kún ẹrù tiransifọ́má tó ń fún áńpù ní iná, tí kò mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. EL34 sì tún ní asẹ́ kẹta (ìkejì ń bọ̀ níwájú) lórí ẹsẹ̀ 1, tó gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹsẹ̀ 8. Nínú áńpù 6L6, ẹsẹ̀ 1 lè má so mọ́ ibi kankan.

Asẹ́ kejì, tó wà láàárín asẹ́ àkọ́kọ́ àti páànù, ló sì ń pa fáàfù jù nínú áńpù olóhùn líle. Ìró tí orí rẹ̀ ti gé kò fún fáàfù ní ìsinmi bí ìró tó lọ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí fóòtì páànù bá já wálẹ̀, asẹ́ kejì yìí, tí tirẹ̀ ṣì ga, á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sára, á gbóná, á yọ́. Résísítọ̀ oní-óòmù 1,000 níwájú asẹ́ kejì kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀mí fáàfù là ju orúkọ tó wà lára páálí lọ.

Orúkọ yẹn pàápàá, ẹ má fi wá ìdílé. Ilé iṣẹ́ Mullard ń ṣe EL34 ní Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan. Èyí tó ń jẹ́ Mullard lónìí, Saratov ní Rọ́ṣíà ló ti ń wá, níbi tí Tung-Sol àti Electro-Harmonix náà ti ń jáde. Ilé iṣẹ́ JJ ń ṣe tirẹ̀ ní Čadca ní Slovakia. Tí a bá ti kúrò níbẹ̀, Ṣáínà ló kù fún ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà.

Ẹni tó bá sì wà níbi tí iná ìjọba ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, kó wo mítà iná ilé kó tó wo ti fáàfù. Báyáàsì tí wọ́n wọ̀n nígbà tí iná jẹ́ 190 kò ní dúró níbẹ̀ tó bá padà sí 240. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí áńpù gbóná fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pa iná yàrá. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró tó ń rá pálá lára gíláàsì kì í ṣe àìsàn. Páànù tó bá ń pọ́n bí irin inú ẹwìrì ni àìsàn. Ẹ pa áńpù náà lójú ẹsẹ̀.