Pajápajá òru kì í ṣe ọfà ayé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pajápajá tó máa ń mú èèyàn lẹ́sẹ̀ lóru yìí, torí ohun tójú mi rí nílé Àǹtí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń dùn mí. Aago méjì òru, igbe la kàn gbọ́, "yéè, ẹsẹ̀ mi o!" Ká tó débẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun wọn ti gan, ó kó jọ bí ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n dì, ọmọ wọn ti gbé òróró àdúrà dé, àwọn náà ń pariwo pé wọ́n ti ta àwọn lọ́fà. Mo di ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn mú, mo ní kí wọ́n na orúnkún gbọọrọ, mo wá rọra ń fa ìka náà bọ̀ sápá ojúgun. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi dẹ̀.

Mi ò báyín jà lórí àdúrà o, ẹ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ tí bàbá kan sín sí wọn lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, àpá ẹ̀ dúdú kirikiri, pajápajá náà ò sì lọ.

Ẹ wò ó, tá a bá sùn, àtẹ́lẹsẹ̀ wa máa ń nà lọ sísàlẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wúwo á tún tẹ̀ ẹ́, iṣan ẹ̀yìn ojúgun á ti súnkì síbẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù tó máa fi dì. Ó ń mú ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, aboyún, ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín. Àwọn oògùn kan náà máa ń fà á, pàápàá èyí tó ń mú kéèyàn tọ̀ ṣáá. Àǹtí mi ń ta aṣọ, ìdúró ni látàárọ̀ dalẹ́, oògùn títọ̀ sì wà nínú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìyẹn rí!

Àwọn kan á ní kẹ́ẹ lá iyọ̀, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dáa lára, àmọ́ kò lè tú iṣan tó ti dì, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa ò sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lájẹjù. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni quinine, oògùn ibà táwọn kan ń lò fún pajápajá. Láti 1994 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má tà á mọ́ fún pajápajá láìsí ìwé dókítà, torí ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, ó lè jẹ́ kẹ́jẹ̀ máa ya lára èèyàn.

Nína ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2012, ní Nẹ́dálándì, wọ́n fi ọgọ́rin èèyàn, ìyẹn 80, tó ti lé ní 55 ọdún dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pajápajá àwọn tó ń na ẹsẹ̀ kí wọ́n tó sùn dín kù dáadáa. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ gbọ́wọ́ lé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, ẹ wá rọra tẹ orúnkún ti iwájú.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú, tó gbóná, tí ìrora ẹ̀ ò sì lọ, ẹ má fi Robb wọ́ ọ o, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan, ọsibítù ni kẹ́ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Àǹtí mi ti ń na tiwọn lálaalẹ́. Wọn ò dá oògùn kankan dúró, mo ṣáà ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú bébà kan, lọ́jọ́ Ajé wọ́n á gbé e síwájú dókítà wọn.