Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín Owó Alẹ́ Kan ní Drury Lane

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, eré ní Drury Lane, tíátà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í bẹ̀rẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n owó á ti máa wọlé ṣáájú. Láyé David Garrick, tó ń darí tíátà náà láti 1747 sí 1776, ṣílè 5 ni yàrá ẹ̀gbẹ́ ògiri tí àwọn ọlọ́lá ń gbà, ṣílè 3 ni bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀ níwájú ìtàgé, ṣílè 2 ni àjà àkọ́kọ́, ṣílè 1 sì ni àjà òkè téńté. Irú owó tí Nàìjíríà náà ná títí di ìparí 1972 ni: pẹ́nì 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan.

Agbowó ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti lè jò. Ìyẹn ni tíátà fi yan àwọn akànyè. Wọ́n á jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí gbogbo ilé, wọ́n á máa ka orí, kí akápò lè fi iye orí wé iye owó tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ yìí le ju bó ṣe dún létí lọ. Àwọn kan fi ìwé ọ̀fẹ́ wọlé. Ìránṣẹ́ mìíràn jókòó gba àyè sílẹ̀ de ọ̀gá rẹ̀. Bí apá kẹta eré bá sì parí, àwọn tó ń san ìdajì owó á ya wọlé. Nígbà tí Garrick gbìyànjú láti fi ìdajì yìí du àwọn òǹwòran ní oṣù Kìíní 1763, wọ́n fọ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n fọ́ fìtílà. Kò pẹ́ tó fi gbà fún wọn.

Owó iṣẹ́ òṣèré àti onílù, àbẹ́là, ìwé ìpolówó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ di iye kan ṣoṣo lálẹ́, tí a lè pè ní owó ilé. Ẹni tó kọ eré tuntun kì í rí kọ́bọ̀ nínú owó alẹ́ kìíní àti ìkejì. Alẹ́ kẹta ni tirẹ̀, lẹ́yìn náà ìkẹfà àti ìkẹsàn-án, nígbà tí tíátà bá ti yọ owó ilé tán. Eré tó bá kú lálẹ́ kejì, ẹni tó kọ ọ́ á lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ wo ti Samuel Johnson, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba tó ti kọ́ Garrick níwèé rí. Eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Irene bọ́ sórí ìtàgé ní oṣù Kejì 1749, ó sì rọ́jú dé alẹ́ kẹsàn-án. Alẹ́ kẹta mú pọ́n-ùn 177, ṣílè 1 àti sísì (pẹ́nì 6) wọlé. Ìkẹfà mú 106 àti ṣílè 4. Ìkẹsàn-án, 101, ṣílè 11 àti sísì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 384 àti ṣílè 17. Owó ilé jẹ́ pọ́n-ùn 63 lálẹ́ kan, ìyẹn 189 lẹ́ẹ̀mẹta. Pọ́n-ùn 195 àti ṣílè 17 ló kù fún Johnson. Alẹ́ kẹta nìkan fún un ní 114 ó lé díẹ̀. Ìkẹsàn-án kò ju 38 ó lé díẹ̀ lọ, bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Ọ̀tọ̀ ni pọ́n-ùn 100 tí òǹtẹ̀wé Robert Dodsley san fún ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́.

Àwọn òṣèré náà ní alẹ́ tiwọn, láti nǹkan bí oṣù Kẹta lọ. Òṣèré á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì káàkiri. Bí owó tó wọlé kò bá tó owó ilé, àpò rẹ̀ ni yóò ti fi dí i. Nígbà tí sáà bá ń parí lọ, ó kan àwọn agbowó ẹnu ọ̀nà náà: wọ́n á kó ọ̀pọ̀ wọn sí alẹ́ kan ṣoṣo, kálukú a sì gba ìdajì iye tíkẹ́ẹ̀tì tó bá rí tà.