Ogun Ló Bí Físà

Ìwé ọba lọ́wọ́ arìnrìn-àjò kì í ṣe nǹkan tuntun. Nehemáyà inú Bíbélì náà tọrọ lẹ́tà lọ́wọ́ ọba Páṣíà, kí àwọn gómìnà òkè odò lè jẹ́ kó kọjá títí dé Júdà. Àmọ́ ẹni tó mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ dání ni ó ń dáàbò bò. Físà òde òní, àlejò gan-an ló ń fura sí.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba Yúróòpù kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èrò pọ̀ ju ohun tí apá oníbodè ká lọ, ọ̀pọ̀ ìjọba sì pa àyẹ̀wò ìwé tì. Kó tó di 1914, ẹni tó bá ti lówó ọkọ̀ lè ti London dé Róòmù láìsí pásípọ́ọ̀tù lápò. Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Ottoman (ìjọba Tọ́kì ìgbà yẹn) ni kò gba gbẹ̀rẹ́. (Kì í kúkú ṣe gbogbo ayé ló jẹ nínú òmìnira yẹn: láti 1882 ni Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà.)

Ogun Àgbáyé Kìíní ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ̀rù amí ń ba àwọn ìjọba, wọn ò sì fẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin sá fún iṣẹ́ ológun. Ìwé bá padà dé, pẹ̀lú fọ́tò lára rẹ̀. Ogun parí ní 1918, ìwé ò lọ. Ní oṣù kẹwàá 1920, Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè (League of Nations, ẹgbẹ́ tó ṣáájú UN) pe ìpàdé sí Paris. Wọ́n ní àwọn ṣì ń retí kí òmìnira àtijọ́ padà, síbẹ̀ ètò ìwé náà ni wọ́n jókòó tò: kí pásípọ́ọ̀tù ní ojú ewé 32, kí èdè Faransé wà nínú rẹ̀, kí owó físà ìwọlé má kọjá fránkì oníwúrà 10.

Lódì kejì òkun, òfin Amẹ́ríkà ti 1921 díwọ̀n iye èèyàn tó lè wọlé láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lóṣù. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, ọkọ̀ ojú omi á tò sí ẹnu èbúté New York. Tí aago méjìlá òru bá lù, eré dé. Ọkọ̀ tó bá kẹ́yìn lè bá ààyè tó ti kún, kí wọ́n sì dá ẹni tó ti ta ilé ta ọ̀nà padà. Òfin 1924 wá gbé ìpinnu náà fún aṣojú Amẹ́ríkà nílẹ̀ òkèèrè: gba físà kí o tó wọkọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni físà tí à ń bá fà á lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ti olùbẹ̀wò ọlọ́jọ́ díẹ̀ tún le sí i ní 1952. Òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ka ẹni tó ń tọrọ físà àbẹ̀wò sí ẹni tó fẹ́ wá jókòó títí, àfi tó bá fi hàn pé òun ò ní í lọ́kàn. Ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ kó tó la ẹnu. Ìyẹn ni wọ́n fi ń béèrè lẹ́tà ibi iṣẹ́, àkọsílẹ̀ báńkì, àti ohun tí yóò fà á padà sílé.

Àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda fún láti wọlé láìgba físà náà kò bọ́ pátá. Láti 1996 ni Australia ti ń fi ẹ̀rọ fún wọn láṣẹ kí wọ́n tó wọ bàálù. Amẹ́ríkà sọ tirẹ̀ di dandan ní 2009. Ní 2023 ni Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, àwọn ará Qatar ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà á.