Àyẹ̀wò èémí fún kòkòrò Helicobacter pylori

Àyẹ̀wò èémí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá bakitéríà Helicobacter pylori ṣì ń gbé nínú àpòlúkù èèyàn, láì ki páìpù bọ ẹnikẹ́ni lọ́nà ọ̀fun. Kòkòrò yìí wà lára ohun tó sábà máa ń fa ọgbẹ́ inú, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́sà láti Ìlọrin títí dé Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, ó sì lè yọrí sí jẹjẹrẹ àpòlúkù, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1994.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ásíìdì inú àpòlúkù le débi pé ọ̀pọ̀ bakitéríà ò lè gbé ibẹ̀. H. pylori rí ibẹ̀ gbé torí pé ó ní ẹ́ńsáìmù kan, yúríésì, tó máa ń fọ́ yúríà sí ámóníà àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, ámóníà yẹn ló sì ń dín agbára ásíìdì tó yí i ká kù. Yúríà ò ṣàjèjì sí wa, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, inú ìtọ̀ ló ń bá jáde, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì èèyàn fúnra wọn ò ní yúríésì, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àyẹ̀wò yìí wà. Wọ́n á fún aláìsàn ní yúríà mu, èyí tí ẹ̀rọ lè dá kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ mọ̀. Tí kòkòrò bá wà, á fọ́ ọ, kábọ́ọ̀nù yẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀, á dé ẹ̀dọ̀fóró, á sì bá èémí jáde. Tí ò bá sí, yúríà á kọjá sínú ìtọ̀ bó ṣe wà.

Oríṣi kábọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n lè fi sínú yúríà yẹn. Kábọ́ọ̀nù-14 ní ìtànṣán díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í sábà fi ṣe é fún aláboyún àti ọmọdé. Kábọ́ọ̀nù-13 ò ní ìtànṣán rárá.

Oúnjẹ àti kábọ́ọ̀nù-13

Nǹkan bí 1.1% nínú gbogbo kábọ́ọ̀nù ayé ni kábọ́ọ̀nù-13, torí náà ó ti wà nínú èémí wa tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń gba èémí sínú báàgì, ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n tó mu yúríà, ẹ̀ẹ̀kan ní bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ń wò. Ìyàtọ̀ náà kéré gan-an, ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀bù máa ń fi ààlà sí nǹkan bíi mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún. Ohun tó yẹ ká tẹnu mọ́ níbí ni pé àgbàdo, ọkà bàbà, jéró àti ìrèké máa ń gba kábọ́ọ̀nù-13 sára ju iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ìrẹsì lọ, ẹni tó bá wá mu ògì tàbí tó jẹ tùwó láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, èémí ẹ̀ lè máa yí padà fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó gba ìkejì. Ní Kwárà tí ògì àti àkàrà jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ ọ̀pọ̀ ilé, ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé dáadáa fáwọn èèyàn ìdí tí wọ́n fi ní kí wọ́n má jẹun wá. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdán ò tíì jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n yúríà tó máa mu á ba ààwẹ̀ náà jẹ́, ó sàn kó mú ọjọ́ mìíràn.

Oògùn tó ń ṣi àyẹ̀wò lọ́nà

Omeprazole àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àǹtíbáyótíìkì àti bísímọ́ọ̀tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ti ra àǹtíbáyótíìkì bíi Flagyl tàbí amoxicillin ní kẹ́mísí lò fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, torí oògùn lè dín kòkòrò kù láì pa á tán, èsì á wá ní kò sí nǹkan kan. Ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lè fa irú àṣìṣe yìí náà. Tí wọ́n bá tẹ̀lé gbogbo ẹ̀, àyẹ̀wò yìí máa ń tọ̀nà tó nǹkan bí 95%. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ìtàn

Robin Warren àti Barry Marshall ló kọ́kọ́ rí kòkòrò yìí hù ní lẹ́ẹ̀bù ní Perth, Australia, ní 1982, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. David Graham àtàwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ iṣẹ́ wọn lórí àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù-13 jáde ní 1987.

Àwọn àyẹ̀wò mìíràn

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rọrùn, owó ẹ̀ ò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣì máa fi hàn pé kòkòrò wà nígbà tó ti lọ tipẹ́. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń wá kòkòrò fúnra ẹ̀ dára. Èémí ò lè sọ bóyá ọgbẹ́ wà tàbí bó ṣe tóbi tó, ẹni tó bá ń bi ẹ̀jẹ̀, tó ń ya ìgbẹ́ dúdú tàbí tó ń rù láìnídìí, endoscopy ló nílò, ìyẹn páìpù tó ní kámẹ́rà tí wọ́n ń gba ọ̀fun kì bọ inú.