Bí Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Máàkì Iṣẹ́ Ara Wọn Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń máàkì iṣẹ́ ara wọn nínú àwọn kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé afọ́jú kì í fi ọ̀nà han afọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu, ó sì ti jẹ́ kí wọ́n máa fojú tẹ́ńbẹ́lú apá tó gba ọgbọ́n jù lọ nínú gbogbo ètò náà. Fídíò tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀kọ́ orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ibi tí ohun tuntun wà ni ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì, tí wọn kò lè rí ara wọn láéláé, ti ń jókòó ti iṣẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń dájọ́ tó sún mọ́ ti olùkọ́.

Ìtàn bí irú kọ́ọ̀sì yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Ní ọdún 2008, George Siemens àti Stephen Downes ṣí kọ́ọ̀sì kan ní Yunifásítì Manitoba, ní Kánádà, sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nǹkan bí ènìyàn 25 ló sanwó, nígbà tí àwọn tó lé ní 2,000 wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2011, nǹkan bí ènìyàn 160,000 forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tí Sebastian Thrun àti Peter Norvig kọ́ lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Coursera àti edX, àwọn ojúlé tó ń gbé irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dé.

Níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè bá jẹ́ èyí tí ènìyàn yóò ti mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, tàbí ìṣirò tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà lè máàkì iṣẹ́ gbogbo wọn kí á tó ṣẹ́jú. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ àròkọ, tàbí àwòrán ohun èlò tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ronú kàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 10,000 bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, tí olùkọ́ sì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí tó lé ní 1,600 ni yóò gbà á; bí ó bá ń fi wákàtí mẹ́jọ ṣe é lójoojúmọ́, láìsinmi rárá, yóò lé ní ọjọ́ 200 kí ó tó parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó lè gba olùkọ́ tí yóò ká irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ṣoṣo tí iye wọn ń pọ̀ sí i bí iye iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn.

Kọ́ọ̀sì tí Scott Klemmer ti Stanford gbé sórí Coursera ní ọdún 2012, lórí bí a ṣe ń ya ohun tí ènìyàn yóò máa lò lójú kọ̀ǹpútà, ni kọ́ọ̀sì ńlá àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbára lé ìmáàkì akẹgbẹ́ sí akẹgbẹ́. Ó yẹ kí á fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kò kàn ní jí, kí ó wá máa fún ẹlòmíràn ní máàkì. Ó ní láti kọ́kọ́ máàkì iṣẹ́ àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ ti máàkì sílẹ̀, láìmọ iye tí wọ́n fún un. Ìgbà tí ó bá ṣe tirẹ̀ tán ni wọn yóò tó fi máàkì olùkọ́ hàn án pẹ̀lú àlàyé ìdí rẹ̀. Bí tirẹ̀ bá jìnnà sí ti olùkọ́, wọn yóò gbé àpẹẹrẹ mìíràn fún un. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wá dé iwájú rẹ̀, àwọn olùkọ́ yóò sì ti fi èyí tí wọ́n ti máàkì pa mọ́ sáàárín wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní déédéé. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni yóò máàkì kẹ́yìn.

Àwọn tó máa ń máàkì ìwé WAEC kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí. Kí àwọn náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pé jọ, wọ́n á máàkì àwọn ìwé àpẹẹrẹ pẹ̀lú ìlànà kan náà, wọ́n á sì jíròrò lórí ibi tí èrò wọn ti yàtọ̀, títí tí ọwọ́ gbogbo wọn yóò fi bára mu. Kò sí ẹni tó ń bínú pé wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ìwé ìdánwò. Ètò kan náà ni kọ́ọ̀sì yìí gbé wá bá akẹ́kọ̀ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń so àwọn máàkì pọ̀ tún gba ọgbọ́n. Ká ní ènìyàn márùn-ún máàkì iṣẹ́ kan, tí mẹ́rin fún un ní 70, 72, 75 àti 78, tí ìkarùn-ún, bóyá nítorí pé kò ka iṣẹ́ náà tàbí nítorí pé inú ń bí i, sì fún un ní 10. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a sì pín in sí márùn-ún, 61 ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò gbà. Ẹnì kan ṣoṣo ti ba ti gbogbo àwọn yòókù jẹ́. Nítorí náà, wọn kì í pín in. Wọ́n á to àwọn máàkì náà láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, wọ́n á sì mú èyí tó wà láàárín gan-an, tí í ṣe 72. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìkà kò rí ìkà ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ fi 100 ṣe ojúsàájú kò rí i ṣe. Ní ti máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ fún ara rẹ̀, bí ó bá sún mọ́ ti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọn yóò kọ sílẹ̀ fún un. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀ lè jèrè, nígbà tí ẹni tó bá gbé ara rẹ̀ ga jù kò ní rí nǹkan kan gbà.

Ní ọdún 2013, Chinmay Kulkarni, Klemmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àyẹ̀wò ètò náà jáde. Nígbà tí wọ́n kọ́ kọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kejì, ìdá 42.9 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ni kò fi ju ìdá 5 lọ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn olùkọ́ fún iṣẹ́ kan náà, ìdá 65.5 ni kò sì yàtọ̀ ju ìdá 10 lọ. Ní ìpíndọ́gba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìdá 7 gbé iṣẹ́ ara wọn ga ju bí àwọn olùkọ́ ṣe rí i lọ. Wọ́n tún fún iṣẹ́ àwọn tó ti orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú wọn wá ní ìdá 3.6 ju ti àwọn mìíràn lọ. Ẹ̀bi àbùkù kékeré yìí lè má jẹ́ ti ìwà burúkú rárá: ohun tó bá bá àṣà ìlú ẹni mu tètè máa ń yé ènìyàn, ohun tó bá sì tètè yéni ni ojú sábà máa ń rí bí ohun tó dára.

Èyí tó wúlò jù nínú àbájáde wọn ni pé àṣìṣe kì í ti ọwọ́ àìmọ̀kan akẹ́kọ̀ọ́ nìkan wá, ó tún máa ń ti ọwọ́ ìlànà ìmáàkì tí olùkọ́ kọ wá. Bí ìlànà bá sọ pé "èrò iṣẹ́ náà jinlẹ̀", ènìyàn márùn-ún yóò ní òye márùn-ún nípa ohun tí ìjinlẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé "iṣẹ́ náà dárúkọ ìṣòro mẹ́ta tí àwọn tó ń lo ohun èlò náà ní, ó sì fi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yanjú hàn", kò sí ohun tí wọn yóò máa jiyàn lé lórí mọ́. Nígbà tí wọ́n tún àwọn ìlànà tó rúni lójú kọ, àṣìṣe tó wà láàárín gan-an, bí a bá to gbogbo wọn láti kékeré dé ńlá, sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 12.4 sí 9.9. Ní ọdún náà kan náà, Chris Piech àti àwọn mìíràn ní Stanford gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n kó máàkì 63,199 jọ láti inú kọ́ọ̀sì Klemmer, wọ́n sì fi ìṣirò wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, àti ẹni tí ìdájọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan, kí wọ́n lè yọ ipa ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú máàkì tó fún ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró sórí ọ̀rọ̀ pípé máàkì nìkan kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ ti pọ̀. Ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì ráyè ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá. Aṣọ tí ọ̀gá bá rán kì í fi ibi tí wàhálà wà han ẹnikẹ́ni. Ọrùn bùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ṣe ti ẹ̀rọ jáde. Aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ tuntun rán ló ń sọ̀rọ̀: ibi tó ti fa aṣọ jù, ibi tó ti gbàgbé láti gé etí rẹ̀ kí ó tó yí i padà, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ọmọ iṣẹ́ àgbà tí ọ̀gá bá ní kí ó fi abẹ tú ọrùn aṣọ náà yóò máa tọ okùn náà lọ títí tí yóò fi kan ibi tí ó ti ṣìnà, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni yóò ti rí i pé òun náà ti ń ṣìnà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Kì í ṣe ẹni tó rán aṣọ náà nìkan ló kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kódà ẹni tó tú u lè kọ́ jù ú lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdáhùn sí ìbéèrè kan, ọkàn rẹ̀ ṣì gbóná sí i, lójijì ó rí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún mìíràn tí ènìyàn gbà dáhùn ìbéèrè kan náà. Ẹnì kan ṣe ohun tí kò ronú kàn rí. Ẹlòmíràn ṣe àṣìṣe tí òun náà ṣe, ó sì wá hàn kedere nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń wò. Nígbà tí yóò fi kan iṣẹ́ tirẹ̀, ojú tí ó fi ń wò ó ti yí padà. Ìdí rèé tí ó fi mú ọgbọ́n lọ́wọ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. Máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fún ẹlòmíràn dà bí owó tí wọ́n fi ra àkókò rẹ̀ kí ó lè jókòó kẹ́kọ̀ọ́.

Àléébù ètò náà wà lórí àkókò. Ìmáàkì akẹgbẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí akẹgbẹ́ níbẹ̀ lásìkò kan náà. Nínú kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí edX gbé jáde, lórí ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá àti àwọn ohun èlò ẹlẹ́kítíróníìkì, ènìyàn 154,763 forúkọ sílẹ̀, 7,157 ló sì gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kẹ́gàn, bẹ́ẹ̀ sì ni fíforúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ẹ̀jẹ́ pé ènìyàn yóò dé òpin. Ohun tó kan ìmáàkì nínú rẹ̀ ni pé bí àwọn ènìyàn bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó kù kò ní rí ẹni kà á. Nígbà tí Coursera gbà kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú, àwọn tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún ọjọ́ gbọọrọ, wọ́n sì ń bẹ ara wọn pé kí ẹnì kan jọ̀ọ́ bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní láti padà sí ètò tó ń kó àwọn ènìyàn jọ sí ìgbà kan náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé. Òmìnira àti ìbákẹ́gbẹ́ ń fa ara wọn níbí, kò sì sí ètò tó tíì rí méjèèjì gbà lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́.

Ní báyìí, wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ ìmáàkì náà fún ọgbọ́n àtọwọ́dá, nítorí pé kì í sùn, kì í sì í pẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé máàkì nìkan ni wọ́n ń wá, ìpinnu náà tọ́. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì tó bá mú ẹ̀rọ wá, tí kò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ti gba àǹfààní láti rí bí àwọn mìíràn ṣe dáhùn ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ̀rọ lè máa fi nọ́ńbà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà tí iṣẹ́ dé. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n má ṣe tún gbé iṣẹ́ akẹgbẹ́ mẹ́ta síwájú akẹ́kọ̀ọ́ náà, pẹ̀lú ìlànà tó yé ni, kí wọ́n tó ṣí máàkì tirẹ̀ fún un.