Ìdáríjì ààrẹ fún àwọn tó tú àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà

Ìdáríjì ààrẹ ni agbára tí òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Abala Kejì, fún ààrẹ láti mú ìjìyà kúrò lórí ẹni tó bá rú òfin ìjọba àpapọ̀. Lára àwọn tí aráyé máa ń torí wọn bẹ ààrẹ ni òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó kó ìwé àṣírí lé oníròyìn lọ́wọ́, torí pé lójú tiwọn, ohun tí ìjọba ń ṣe lábẹ́ aṣọ kò tọ́. Bóyá irú wọn yẹ lẹ́ni à á dárí jì jẹ́ àríyànjiyàn ọjọ́ pípẹ́. Ó máa ń dé ọ̀dọ̀ ààrẹ nítorí pé òfin tí wọ́n fi ń bá wọn ṣẹjọ́ kò ka ìdí tí wọ́n fi ṣe é sí. Adájọ́ lè ro ìdí yẹn mọ́ ọn nígbà tó bá ń díwọ̀n ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n kò lè torí rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni láre.

Òfin 1917

Espionage Act ni wọ́n ń pe òfin náà. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n ṣe é, amí ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Lábẹ́ ìpín 793, ẹ̀sùn kan ṣoṣo lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ìpín 798, tó dá lórí bí ìjọba ṣe ń tẹ́tí sí ìbánisọ̀rọ̀, ní ọdún 10 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ní láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ààbò ìlú, pé olùjẹ́jọ́ ní ìdí láti gbà pé ó lè pa Amẹ́ríkà lára tàbí kó ṣe ilẹ̀ òkèèrè láǹfààní, àti pé ó fà á lé ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i lọ́wọ́. Ì báà jẹ́ amí ló gbà á, ì báà jẹ́ oníròyìn, ẹ̀sùn kan náà ni.

Daniel Ellsberg tọ́ èyí wò. Òun ló ṣe ẹ̀dà ìwé àṣírí nípa ogun Vietnam, tó tó 7,000 ojú ìwé, tí àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e jáde ní 1971. Nígbà tí agbẹjọ́rò rẹ̀ bi í ní kóòtù pé kí ló dé tó fi ṣe ẹ̀dà wọn, agbẹjọ́rò ìjọba ta ko ìbéèrè náà, adájọ́ sì gbà fún un. Ellsberg kò rí ìdáhùn sọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 115 ló ń wò lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáríjì ló yọ ọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1973, adájọ́ tú ẹjọ́ náà ká nígbà tó hàn pé àwọn tí Ilé Ààrẹ rán ti fọ́ ọ́fíìsì dókítà ọpọlọ rẹ̀ wọ̀ láti wá ohun tí wọ́n máa fi bà á jẹ́.

Mímú atú-àṣírí kì í gba ọgbọ́n púpọ̀ lónìí. Ní 2017, ìwé ìròyìn orí ayélujára The Intercept fi ẹ̀dà ìwé kan tí wọ́n rí gbà han ìjọba kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwọn olùwádìí rí àmì pé wọ́n ti ká ìwé náà po, èyí tó fi hàn pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà ló sì mú un jáde kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wò: ènìyàn 6 péré ló tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Reality Winner, ti fi í-meèlì bá ìwé ìròyìn náà sọ̀rọ̀ rí láti orí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́. Ó jẹ́bi ní 2018, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n oṣù 63. Ìwé kan ṣoṣo ló tú, nípa bí àwọn ológun Rọ́ṣíà ṣe gbìyànjú láti wọ ẹ̀rọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìdìbò 2016. Ó jáde lẹ́wọ̀n ní 2021 láìrí ìdáríjì.

Bí ìdáríjì ṣe ń rìn

Oríṣi méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀. Ìdáríjì kíkún máa ń mú ìjìyà kúrò, ó sì máa ń dá àwọn ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbà padà. Dídín ẹ̀wọ̀n kù kàn ń gé ọjọ́ kúrú ni, ẹ̀bi ṣì wà lọ́rùn ẹni náà.

Ẹni tó fẹ́ ìdáríjì á kọ̀wé sí Office of the Pardon Attorney, tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ìdájọ́. Ìlànà wọn ní kó dúró ọdún 5 lẹ́yìn tó bá jáde lẹ́wọ̀n, tàbí lẹ́yìn ìdájọ́ bí kò bá ṣẹ̀wọ̀n rárá. Ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n dín ẹ̀wọ̀n kù kì í dúró báyẹn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n kó sì ti parí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. FBI á wádìí rẹ̀, ọ́fíìsì náà á sì béèrè èrò agbẹjọ́rò ìjọba tó pẹjọ́. Ibí yìí ni ìwé ẹ̀bẹ̀ atú-àṣírí ti sábà máa ń há, torí ẹni tó gbé e lọ sẹ́wọ̀n náà ni wọ́n tún ń bi pé ṣé ká dárí jì í.

Gbogbo ìlànà yìí kò de ààrẹ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1867, nínú ẹjọ́ Garland, pé ààrẹ lè dárí jini nígbàkigbà tí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti ṣẹ̀, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Báyẹn ni Ààrẹ Ford ṣe dárí ji Nixon, ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀, ní 1974 láìsí ẹ̀sùn kankan ní kóòtù. Nítorí náà, nígbà tí Ààrẹ Obama sọ fún ìwé ìròyìn Jámánì Der Spiegel ní 2016 pé òun kò lè dárí ji Edward Snowden, tó tú àṣírí bí ìjọba ṣe ń kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù ará ìlú jọ, torí pé kò tíì fojú hàn ní kóòtù, ìpinnu tirẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe òfin.

Ìdíwọ́ kan tún wà. Nínú ẹjọ́ Burdick ní 1915, ilé ẹjọ́ náà ní ẹni tó gba ìdáríjì dà bí ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀bi, ó sì lè kọ̀ ọ́. Burdick fúnra rẹ̀, olóòtú New York Tribune, kọ̀ ọ́ ní tòótọ́, torí wọ́n fẹ́ fi ìdáríjì fipá mú un láti dárúkọ ẹni tó fún un ní ìròyìn. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ́.

Àwọn tó rí i gbà

Wọn ò pọ̀. Samuel Morison, òṣìṣẹ́ ìwádìí fún ọmọ ogun ojú omi, fi fọ́tò sátẹ́láìtì 3 tó fi ọkọ̀ ogun Soviet tí wọ́n ń kàn hàn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Jane's Defence Weekly ní 1984. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi lábẹ́ òfin 1917 pé ó fún oníròyìn ní àṣírí. Ó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 2, Clinton sì dárí jì í ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2001, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ amí CIA ta kò ó. Morison ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìwé ìròyìn yẹn lásìkò náà, nítorí náà a ò lè sọ pé ire ìlú nìkan ló ń rò.

Chelsea Manning, ọmọ ogun, kó ìwé tó lé ní 700,000 fún WikiLeaks, ìkànnì tó ń gbé ìwé àṣírí jáde. Ilé ẹjọ́ ológun dá a láre lórí ẹ̀sùn pé ó ran ọ̀tá lọ́wọ́, àmọ́ ó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 35 lórí àwọn yòókù ní 2013. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 2017, Obama dín in kù. Ó jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún. Ẹ̀bi rẹ̀ kò parẹ́. Nígbà tó sì kọ̀ láti jẹ́rìí nípa WikiLeaks ní 2019, wọ́n tún tì í mọ́lé.

Lọ́jọ́ kan náà tí Obama dín ti Manning kù, ó fún Ọ̀gágun James Cartwright ní ìdáríjì kíkún lórí irọ́ tó pa fún FBI nígbà ìwádìí nípa àṣírí tó tú, kí wọ́n tó dá iye ìjìyà rẹ̀ pàápàá. Ipò ńlá kì í ṣe ohun kékeré nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ Snowden

Ẹ̀sùn 3 ni wọ́n fi kan Snowden ní oṣù Kẹfà 2013. Rọ́ṣíà ló wà láti ìgbà náà, ó sì di ọmọ orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ní 2022. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n dárí jì í ń tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan sọ ní 2015 pé òfin kò fún ìjọba láyè láti máa kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù gbogbo ènìyàn jọ, àwọn aṣòfin yí òfin padà ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé ẹjọ́ mìíràn sì tún sọ ohun tó jọ ọ́ ní 2020.

Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ amí nílé aṣojú-ṣòfin ta kò ó pátápátá ní 2016. Wọ́n ní púpọ̀ nínú ohun tó kó kò kan ẹ̀tọ́ ará ìlú rárá, pé ó pa ààbò ìlú lára, àti pé ó sá lọ dípò kó dúró jẹ́jọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí lágbára lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí Manning àti Winner dúró. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn sì máa ń fi ẹjọ́ Ellsberg fèsì: kí ló fẹ́ sọ ní kóòtù tí wọn ò ní pa á lẹ́nu mọ́?

Wọ́n tún ní kí ló dé tí kò fi gba ọ̀nà tó tọ́. Òfin 1998 kan fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ amí láyè láti mú ẹ̀sùn lọ bá olùbẹ̀wò àgbà. Olùbẹ̀wò ní ọjọ́ 14 láti gbé e yẹ̀ wò, ọ̀gá ilé iṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi í ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin. Òfin náà kò sọ bí wọ́n á ṣe dáàbò bo ẹni náà lọ́wọ́ ẹ̀san, Snowden sì jẹ́ òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Thomas Drake ti NSA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tẹ́tí sí ìbánisọ̀rọ̀, gba ọ̀nà inú ilé kó tó bá oníròyìn sọ̀rọ̀; síbẹ̀ wọ́n fi ẹ̀sùn 10 kàn án ní 2010. Nígbà tí ẹjọ́ kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ìjọba fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Drake gba ẹ̀bi ẹ̀sùn kékeré kan, wọ́n sì ní kó fi wákàtí 240 ṣiṣẹ́ sin ìlú.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Òfin Bìrìtìkó ti 1989 náà kò gba àwíjàre ire ìlú. Kánádà gbà á: ilé ẹjọ́ lè wò ó bóyá àǹfààní títú àṣírí náà ju ewu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn aláṣẹ tí òfin yàn, kó sì dúró de èsì wọn, àfi tó bá jẹ́ pé ó tú u láti gba ẹ̀mí là tàbí kó má bàa sí ìpalára ńlá.